Gbígbé Wúwo Nìkan Kò Gba Ife: Ìbéèrè Yín Lórí Ìdíje Strongman

Ní 2025, ní Sacramento ní Amẹ́ríkà, Rayno Nel ará South Africa gba ife World's Strongest Man, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ọkùnrin tó lágbára jù láyé. Láti 1977 tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, ìgbà àkọ́kọ́ tó sì kópa níbẹ̀ nìyẹn. Bóyá òun ló fà á o, ọ̀rọ̀ irin, òkúta àti táyà ló pọ̀ jù nínú ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí, láti Òjòó títí dé Challenge ní Ìbàdàn. A mú díẹ̀ nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń gbé 220 kílò nílẹ̀ nàró, kò sì sẹ́ni tó ń gbé tó bẹ́ẹ̀ ní jíìmù wa. Ṣé ìyẹn tó láti fi wọ ìdíje strongman? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó)

Ó tó láti fi wọlé, kò tó láti fi borí. Eré márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú ìdíje kan. Log ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn páìpù irin ràgàjì tó rí bí ìtì igi, tí ẹ máa gbé láti ilẹ̀ dé àyà kí ẹ tó tì í sókè orí. Yoke ń bẹ níbẹ̀, férémù irin tí ẹ máa fi èjìká gbé rìn. Farmer's walk náà ń bẹ, irin méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sáré lọ. Lẹ́yìn náà òkúta roboto, táyà yíyí, ọkọ̀ fífà. Gbígbé nílẹ̀ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀kan péré ni nínú gbogbo ìwọ̀nyí, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ alágbára ti ń pàdánù ni máàkì. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ lórí pápá, ẹni tó ṣe ipò kìíní á gba 8, ìkejì á gba 7, títí dé ẹni ìkẹyìn tó máa gba 1. Ẹni tí kò bá rí i ṣe rárá, òdo ni tirẹ̀. Ká ní Lágbájá ṣe ipò kìíní nínú eré méjì, 8 àti 8. Ó dé ìdí òkúta, òkúta kò kúrò nílẹ̀: 0. Yoke já bọ́ lẹ́jìká rẹ̀ kó tó dé ìdajì ọ̀nà: 2. Log: 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21. Tàmẹ̀dù kò ṣe ipò kìíní nínú ohunkóhun. 6, 5, 6, 5, 6 ló gbà, ó di 28. Tàmẹ̀dù á gbé ife lọ sílé, Lágbájá á máa ṣàlàyé.

Torí náà, ẹ má wá 240 kílò kiri báyìí. Òdo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde. Fún ọkùnrin tó wọn 90 sí 105 kílò, nínú ìdíje àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí a máa fi ọkàn yín balẹ̀ sí ni kí ẹ lè ti log 90 kílò sókè, kí ẹ gbé yoke 220 kílò rin 15 mítà, kí ẹ gbé 90 kílò lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan rin 20 mítà láìsọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé òkúta 100 kílò dé orí pèpéle tó ga tó àyà. Ẹ wo ìpele ìwúwo ara náà kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀: ọ̀pọ̀ ìdíje ní ti àwọn tí kò ju 80 kílò lọ, 90 àti 105, kí wọ́n tó kan àwọn òmìrán. Ẹni 92 kílò tó wọ àárín àwọn ẹni 105 ń fi ara rẹ̀ ṣeré.

Ohun kékeré kan tó máa ń dun èèyàn: nínú log, adájọ́ ló ń pàṣẹ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbúnwọ́ gbọ́dọ̀ nà tán, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tò bákan náà, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kó tó pàṣẹ, wọn ò ní kà á, bó ti wù kó fúyẹ́ lọ́wọ́ yín tó.

Alábàárù ni mí ní Bódìjà. Sìmẹ́ńtì, ìrẹsì, iṣu, mo ń rù ú láàárọ̀ dalẹ́. Ṣé mo tún nílò jíìmù? (Alábàárù, ọjà Bódìjà)

Ẹ nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọmọ ọ́fíìsì ṣe nílò rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ti mọ ìrìn ẹrù, ìbàdí yín ti gbó, èémí yín ò ní tètè tán. Ohun tí iṣẹ́ yín ò kọ́ yín ni méjì. Ìkíní, 50 kílò nígbà ọgọ́rùn-ún kò kọ́ ara ní 150 kílò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkejì ló tún burú jù: ẹlòmíì ló máa ń bá yín gbé ẹrù ka orí. Lórí pápá, kò sẹ́ni tó máa bá yín gbé e. Láti ilẹ̀ dé àyà, ẹ̀yin nìkan ni.

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó fún yín, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ọjà kò le. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ gbé irin nílẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ṣe é ní ìpele mẹ́ta. Kí ẹ lo ìwúwo tó jẹ́ pé, bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀méjì sí i. Ẹ ṣe ìtìsókè bákan náà. Tí gbogbo ìpele bá pé, ẹ fi 5 kílò kún ti ilẹ̀, 2.5 kílò kún ti òkè. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé àpò yanrìn láti ilẹ̀ dé èjìká.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àpò náà. Àpò ìrẹsì 50 kílò tí ẹ bá fi yanrìn gbígbẹ kún dé ẹnu á sún mọ́ 100 kílò. Ìdajì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki àpò méjì bọ ara wọn, ẹ da yanrìn sínú ọ̀rá tó nípọn kí ó tó wọ inú àpò, ẹ rán ẹnu rẹ̀ ní ìlà méjì. Àpò tí kò kún dáadáa máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó máa ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn gan-an ló ń kọ́ apá àti ìbàdí, ẹ má ṣe kún un kó le gbandi.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ dín ìwúwo kù gan-an, kó má ju nǹkan bí ìdajì lọ. Ẹ̀yin tí ara yín ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lẹ nílò èyí jù.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí n bá wọn jó log àti yoke, wọ́n tún ń bèèrè ẹni tó lè da òkúta. N kò rí irú rẹ̀ rí. Kí ni ìwọ̀n wọn? (Wẹ́dà, Gate)

Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́. Fún log, páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà lẹ nílò, kó gùn tó mítà 1.2. Ẹ wo bó ṣe nípọn kí ẹ tó rà á nínú àjákù irin, torí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà. Páìpù tí ògiri rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 4 á wọn nǹkan bíi 32 kílò. Tó bá jẹ́ mìlímítà 9, ó lé ní 70 kílò kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, kò sì sí olùbẹ̀rẹ̀ tó máa lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹ gé ihò méjì sí ara rẹ̀, kí ọwọ́ àti apá lè wọlé láì họ ara. Ihò tí kò gbà ju ìkúùkù lọ máa ń bó awọ ọrùn ọwọ́. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jó ìdìmú kan, páìpù kékeré ìwọ̀n mìlímítà 32 sí 38. Kí ìdìmú méjèèjì jìnnà síra ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ó sì lọ ní gígùn kan náà pẹ̀lú ibi tí ènìyàn ń kọjú sí, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì máa wo ara wọn. Ẹ wá jó irin ìwọ̀n mìlímítà 50 sí orí méjèèjì fún pléètì, kí ẹ sì fi fáìlì dán etí gbogbo ihò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé sìlíńdà gáàsì àtijọ́ ṣe log, ì báà jẹ́ ti ilé ìdáná, ì báà jẹ́ ti fíríìjì. Èyí tí ẹ rò pé ó ti ṣófo ṣì lè gbina kó bú.

Yoke kò le bíi log. Òpó méjì, àlàfo mítà 1.2 láàárín wọn, igi àjàgà tí a lè gbé sókè gbé sílẹ̀ ní ihò sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, láti mítà 1.2 dé 1.6. Kí páìpù àjàgà náà sanra tó mìlímítà 65 ó kéré tán, èyí tó bá tín-ín-rín á gé ọrùn èèyàn. Ìsàlẹ̀ òpó ló máa ń ya: ẹ jó o níwájú lẹ́yìn, ẹ fi irin onígun mẹ́ta ti igun kọ̀ọ̀kan. Yoke tí kò ní irin ìdúró wọ̀nyẹn á máa mì bí ẹni tó ń rìn bá ti gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mímì náà ló sì máa bì í ṣubú.

Ní ti òkúta, àwọn oní-POP tó ń ṣe àjà ilé ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ra bọ́ọ̀lù rọ́bà ńlá tó fẹ̀ tó ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fi òróró pa á, kí oní-POP fi aṣọ àti POP bò ó ní ìdajì méjì tó lè ṣí, kí ó fi ihò sílẹ̀ lókè. Kọnkéré náà: sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ méjì, omi kékeré. Bí ẹ bá ń dà á, ẹ máa gbá ẹ̀gbẹ́ mọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kó tó pé ọjọ́ 28. Tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 35 sẹ̀ǹtímítà, á wọn nǹkan bíi 53 kílò. 40 á wọn 79. 45 á wọn 112. 50 á wọn 154. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó òkúta 40 mẹ́ta. Omi tó pọ̀ jù ló máa ń mú un ya. Òkúta wẹ́wẹ́ tó tóbi jù a sì máa yọ sára rẹ̀, ohun tó máa bó apá àwọn ọmọ wa nìyẹn. Orí táyà ni kí wọ́n máa jù ú sí.

Òkúta ń jẹ mí níyà. Iwájú ìgbúnwọ́ mi máa ń ro mí lọ́jọ́ kejì. Kí ni mo ń ṣì ṣe? (Bábà, Mọ́kọ́lá)

Ẹ ń fi apá fà á ni. Iṣan apá òkè kì í ṣe èyí tó ń gbé òkúta, ìbàdí ló ń gbé e. Apá kàn ń ṣe bí okùn ni.

Ẹ dúró kí òkúta wà láàárín ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹ ìka, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ débi tí ó bá lè dé. Kí ìgbúnwọ́ nà. Ẹ fún un pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, ẹ fa èémí sínú, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn itan àti ìdí gbé e. Bó bá ti kọjá orúnkún, ẹ lóṣòó kíákíá, kí itan méjèèjì pàdé lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wà lórí ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú àáyá kan níbẹ̀, ẹ gbé apá gba orí òkúta, ẹ dì mọ́ ọn, àgbọ̀n lókè rẹ̀. Ẹ dìde gìrì, ẹ ti ìbàdí síwájú, òkúta á fúnra rẹ̀ yí gba àyà lọ sórí pèpéle. Ẹni tó bá yára dìde láìtún apá gbà ló máa ń parí ẹ̀ nípa fífi ìgbúnwọ́ tó tẹ̀ fà á sókè. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń já.

Bákan náà ni ti táyà yíyí. Àyà ni kí ẹ fi tì í síwájú sókè, bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Ẹ má fi ọwọ́ ká a.

Oje igi páìnì tó ń lẹ̀, tí wọ́n ń fi pa apá gbé òkúta, a máa yọ́ nínú oòrùn Ìbàdàn. Ẹ fi í síbi tó tutù, ẹ pa á nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó kàn yín. Òróró ìdáná ló ń yọ ọ́ kúrò lára, ọṣẹ ò lè ràn án. Tí ẹ kò bá rí i rà, ẹfun aláwọ̀ funfun tí wọ́n fi ń gbé irin àti báńdéèjì lápá á ṣe é fún òkúta tí kò ju 100 kílò lọ.

Tí ẹ bá gbọ́ "pá" níwájú ìgbúnwọ́, tí ibẹ̀ dúdú, tí iṣan sì sún kì lọ sókè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun ní UCH lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rọrùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn iṣan á ti sún, á sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ.

Micra mi ni mo fẹ́ máa fi kọ́ ọkọ̀ fífà. Ṣé ó dáa? (Awakọ̀, Ìwó Road)

Ó dáa fún fọ́tò. Micra wọn tó nǹkan bíi 800 kílò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kì í gbé e, ẹ kàn ń yí táyà rẹ̀ ni. Lórí ọ̀dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tó ń dá a dúró kò ju nǹkan bíi 8 sí 12 kílò lọ. Tí ilẹ̀ bá ga ní mítà 3 nínú 100, 24 kílò míì á kún un. Ọkọ̀ akẹ́rù 20 tọ́ọ̀nù ńkọ́? Ó lè tó 120 sí 200 kílò, kí ẹ tó ka ti kí ó kọ́kọ́ ṣí kúrò lójú kan, tó le jù.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni kí ẹ wọ́ ẹrù nílẹ̀. Ẹ gba táyà trélà àlòkù lọ́wọ́ fọkanáísà, á wọn bíi 55 kílò, ẹ gbé àpò yanrìn 100 kílò sórí rẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn. Rọ́bà lórí ọ̀dà gbígbẹ máa ń di ilẹ̀ mú ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀, ẹ ti ń fa 100 kílò nìyẹn. Okùn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀ débi pé ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú, kò sí dídúró. Bó bá ti dúró, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn lẹ tún máa ṣe.

Tí ẹ bá taku pé Micra ni, ẹ so okùn mọ́ ìkọ́ ìfàkọ̀, ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà. Kí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jókòó sí i, kí ẹ́ńjìnnì wà ní títàn: tó bá kú, bíréèkì á le bí òkúta lẹ́yìn títẹ̀ méjì mẹ́ta, tí ẹ bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárìn á há. Kí ẹ má dé ibi òkè Mọ́kọ́lá rárá.

Ṣé àmàlà àti gbẹ̀gìrì lè gbé èèyàn débẹ̀, àbí àfi kí n ra àwọn ìyẹ̀fun inú agolo? (Ọmọ Ìyá Alámàlà, Bẹẹrẹ)

Àmàlà fún agbára, ẹ jẹ ẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbé irin, kó má bàa dúró sí àyà. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ kò ní ohun tó ń kọ́ iṣan púpọ̀, gbẹ̀gìrì ṣíbí méjì ò sì tó. Ẹni 100 kílò nílò purotéènì 160 sí 200 gíráàmù lóòjọ́. Ẹyin mẹ́fà á fún yín ní 36. Ẹ̀wà gbígbẹ 200 gíráàmù, 46. Ẹran adìẹ sísè 200 gíráàmù, 54. Ẹja Titus sísè 200 gíráàmù, nǹkan bíi 45. Ó ti lé ní 180 láìsí agolo kankan. Ẹ pín in sí ìgbà mẹ́rin. Kílò kan sí méjì lóṣù ni kí ara máa fi pọ̀; èyí tó bá yá ju ìyẹn lọ, ikùn ló ń gbà á.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ń gbé irin. Wọ́n ní kò ní ga mọ́. Mo tún rí abẹ́rẹ́ nínú báàgì rẹ̀. (Ìyá kan, Mọ́níyà)

Ẹ̀yin ìyá wa, irin gbígbé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bójú tó kì í dá gíga ọmọ dúró. Kí ó máa lo ìwúwo tó lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ó má dán ìgbé ìkẹyìn agbára rẹ̀ wò.

Abẹ́rẹ́ ni ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Oògùn steroid tí wọ́n ń gún kí iṣan lè tètè pọ̀ lè pa egungun ọmọ tó ń dàgbà dé kíákíá, gíga rẹ̀ á dúró lóòótọ́, ó sì ń ba ọkàn àti ọmọ bíbí jẹ́. Ẹ mú un lọ rí dókítà, ẹ mú abẹ́rẹ́ náà dání. Kí ẹ sì mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fún un.

Ṣé obìnrin náà lè ṣe é? (Obìnrin, Mọlété)

Wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé, eré kan náà, ìwúwo ló yàtọ̀, wọ́n sì pín in sí ìpele ìwúwo ara. Ẹ ní kí wẹ́dà lo ìdìmú tó tín-ín-rín, mìlímítà 28, torí ọwọ́ yín kéré. Tí ìtọ̀ bá ń já nígbà tí ẹ bá gbé wúwo, ẹ má fi ojú pa á. Onífísíò ní ìdánrawò tó ń tún un ṣe.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kí n ṣe, kí ni n kò gbọ́dọ̀ ṣe? (Adíje, Òkè-Àdó)

Gbígbé nílẹ̀ tó wúwo jù kí ó jẹ́ ọjọ́ 10 sí 14 ṣáájú, òkúta àti yoke ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ẹ kàn jí ara lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìdajì ìwúwo. Kò sí agbára tí ẹ máa rí kó jọ mọ́ láàárín ọjọ́ yẹn, àárẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹni tí tirẹ̀ bá wà lókè, tó ń sé èémí ti log, ń wá wàhálà.

Ẹ má febi pa ara yín nítorí ìwọ̀n tó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ni wọ́n máa wọ̀n yín. Ẹ gbé bẹ́líìtì, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, omi oníyọ̀ díẹ̀, ìrẹsì àti ẹyin dání. Ìdíje lè gba wákàtí márùn-ún, kí ẹ jókòó sí ìbòòji láàárín eré. Kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi adájọ́: bí yoke bá bọ́, ṣé mo lè tún un gbé, tàbí ibi tó bọ́ sí ni wọ́n máa wọ̀n? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ lè tún un gbé, ẹ yára. Bó bá jẹ́ ibi tó bọ́ sí, ẹ rọra.